Ẹ̀yin Tí Ẹ Ò Jẹ́ Kí N Sùn

Fèrè wà lẹ́nu Felisa, ṣùgbọ́n kò lè fọn ọ́n. Ó dúró lórí àpótí ọtí tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn ní erékùṣù kan lókè òkun, ó ń wo àwọn tó ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kejì, ìbọn oníke tí wọ́n fi ń ṣeré léjìká, awò ńlá tí í dáàbò bo ojú lórí fìlà. Ó wò wọ́n. Ó yíjú sí àwọn tó ti dé ṣáájú, tí wọ́n ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tún padà wo àwọn tó ń dé. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀ láti òkè délẹ̀: àwọ̀ ewé díẹ̀, àwọ̀ iyanrìn díẹ̀, àwọ̀ èèpo igi díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ bí ọbẹ̀ tí wọ́n ti ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Màmá," ni Jomar tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wí lẹ́yìn rẹ̀, "ta la máa yìnbọn lù báyìí, ta la máa dá sí?"

Ẹ̀rín bẹ́ níbì kan, kò sì rìn jìnnà. Ireneo, ọkọ Felisa, olórí Ẹgbẹ́ Ewé, gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Crispulo, àbúrò Felisa, olórí Ẹgbẹ́ Iyanrìn, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò bọ́ sílẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn méjèèjì ti wo ara wọn gbẹ̀yìn. Lónìí tí wọ́n sì wo ara wọn, aṣọ ni wọ́n ń wò.

Ètò náà dára nígbà tí Felisa ń dá a. Oṣù kan gbáko ló fi lọ láti ilé dé ilé, tó ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá wọ àwọ̀ ewé á bọ́ sápá kan, ẹni tó bá wọ àwọ̀ iyanrìn á bọ́ sápá kejì, kí olúkúlùkù wọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n fi ìbọn oníke sọ ohun tí ẹnu wọn kọ̀ láti sọ. Kò béèrè owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Páànù ìbolé ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé wá. Ìjì líle tó kọjá ti ká òrùlé ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ dà sínú òkun bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbẹ̀bí lábẹ́ tapólì. Bí òjò bá dé, ọmọ tuntun àti ìyá rẹ̀ á jọ máa wẹ̀. Páànù ẹgbẹ́ kan kò lè bò ju ìdajì ilé lọ, ìdajì òrùlé kì í sì í ṣe òrùlé, nítorí òjò kò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró. Ikùn ìyàwó Jomar sì ti sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí Felisa kò mọ̀ ni pé ọlọ́jà òkìrìkà kan nílùú ti tú bélì tuntun tí aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta yìí kún inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ewé yọ́ lọ ra aṣọ náà, kí wọ́n lè rí ara fi pamọ́ nínú koríko àti lórí iyanrìn, kí ojú lè ti Ẹgbẹ́ Iyanrìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, Ẹgbẹ́ Iyanrìn yọ́ wá pẹ̀lú èrò kan náà. Ọlọ́jà búra fún tọ̀tún tòsì pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì sọ.

Crispulo sọ̀rọ̀ wàyí. Kò kọjú sí Ireneo, Felisa ló kọjú sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín kó bọ́ aṣọ wa."

"Sọ fún àbúrò rẹ," ni Ireneo dáhùn, "pé ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń pọn omi tó mọ́."

Ẹnìkan nínú ọkọ̀ bá a fèsì ní ohùn kẹ́lẹ́ tí gbogbo ènìyàn gbọ́: "Ẹ fi aṣọ sílẹ̀ fún un jàre. Kí ló fẹ́ fi aṣọ ṣe, ẹni tó ti ní ayẹta?"

Nínú eré yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tó burú tó bẹ́ẹ̀. Ọta rẹ̀ kò tó hóró àgbàdo, kì í ya ara, kì í kun aṣọ, rẹfirí kò sì lè rí i tán. Ẹni tí ó bá bà ni yóò nawọ́ sókè fúnra rẹ̀, tí yóò ké pé "Ó bà mí," tí yóò sì jáde. Gbogbo òfin eré náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ọta bà tó sì ń sáré lọ, àwọn ará erékùṣù yẹn a ní ó ti so oǹdè àwọn baba ńlá mọ́dìí, ó ti di aláyẹta. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì jẹ́ ọ̀kan, Ireneo sáré já àsíá gbà lọ́jọ́ kan, Crispulo sì ní òun yìnbọn lù ú, òun fojú òun rí i tó bà á ní gbangba. Ireneo kò nawọ́. Ó búra pé òun kò mọ nǹkan kan lára. Crispulo pè é ní aláyẹta lójú ayé àti lójú ọ̀run. Ẹgbẹ́ là sí méjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láti ìgbà náà ni Felisa sì ti ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ láti ilé ọkọ lọ sílé àbúrò, tó ń bẹ Crispulo pé kó dárí ji ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí pé ahọ́n àti eyín a máa jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń sùn.

Awakọ̀ ọkọ̀ kejì tún ti tan ẹ́ńjìnnì. Páànù wọn ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń dán yanran nínú oòrùn àárọ̀.

Nígbà tí aṣọ kò ti ní ohun tó ń sọ mọ́, ojú ni Felisa wá ń wò. Ó wo iwájú orí kan, ó mọ̀ ọ́n. Ó wo òmíràn, ó mọ̀ ọ́n. Orí wọ̀nyẹn! Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n láyé, àtẹ́lẹwọ́ òun ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í rú nínú rẹ̀ bí omi ìrẹsì. Ó fọn fèrè.

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ rò pé aṣọ ni mo fi ń dá yín mọ̀ ni? Kò sí ẹni tó wọṣọ nínú yín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí yín. Ẹ̀yin tí mo gbẹ̀bí yín lójúmọmọ, ẹ bọ́ sápá òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí n sùn, ẹ bọ́ sápá òkè."

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ga bí òpó iná wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, èwo ni tèmi?"

"Ìwọ? Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ yọ, nígbà tí àkùkọ ò tíì kọ, o sì tọ̀ sí mi lára. Apá òkè."

Báyìí ni eré bẹ̀rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, Ìgè là bá pe onírùngbọ̀n náà. Jomar tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Òjó ni ìbá jẹ́. Èyí tó dojú bolẹ̀ jáde, Àjàyí ni. Felisa kò mọ orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó to ọ̀nà tí oníkálukú gbà wá sílé ayé bí ẹni ń kì wọ́n, orí wọn sì ń wú. Ó sọ fún ọ̀kan pé ojú rẹ̀ là rekete kí èjìká rẹ̀ tó jáde, ó ní ó ti ń wá ẹni tí yóò yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí sílùú mìíràn fi fóònù pe ìyá wọn. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gbogbo ìrọbí rẹ̀ láti orí dé ìdí, ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ó ti tó, ṣé òru ni àbí ọ̀sán?" Felisa ya ìlédìí funfun sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kí àwọn ọmọ òru so ó mọ́ apá. Jomar ní òun mọ̀ pé àgbàlagbà ń padà di ọmọdé, òun ò mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni.

Ewé ń bẹ nínú àwọn ọmọ òru, iyanrìn ń bẹ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀sán. Ó wá ku àwọn olórí méjèèjì.

"Crispulo, èmi ni mo gbé àtùpà dání fún ìyá wa. Òru ni."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kò fi ìgbà kan ṣàì sọ ọ́ pé ọ̀sán gangan ni òun bí Ireneo, lọ́jọ́ Àìkú, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún.

"Ọkọ mi," ni Felisa wí, "òru ni tiyín náà."

Ireneo la ẹnu. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì na apá fún ìlédìí. Felisa yára tọrọ ìdáríjì irọ́ náà lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, kò jẹ́ kí ó hàn lójú. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn àdúrà sókè fún gbogbo wọn: "Ọba tó ń ṣílẹ̀kùn inú tí ẹnìkan ò lè tì í, Ìwọ lo kó wọn wá bá mi ní ìhòòhò; kó wọn lọ, kó wọn bọ̀, má jẹ́ kí ojú kankan fọ́, má jẹ́ kí páànù kankan padà sílé." Wọ́n ṣe àmín tó mi ewé àgbọn.

Ìbọn oníke bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣàùṣàù bí ẹni ń dín ẹ̀pà. Àsíá wà lẹ́nu ahéré tí wọ́n ti ń sá àgbọn, àwọn ọmọ òru ni yóò gbà á, àwọn ọmọ ọ̀sán ni yóò ṣọ́ ọ. Felisa wọ ẹ̀wù rẹfirí aláwọ̀ òféfèé, ó ń rìn láàárín igi, ó ń gbọ́ "Ó bà mí" lọ́tùn-ún, "Ó bà mí" lósì, ẹ̀rín sì ń tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn òkú, àwọn tí ọta ti bà, ń rìn lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi kan, wọ́n ń bú àwọn alààyè.

Ibi ògiri kúkúrú kan tí ìjì fi sílẹ̀ ló ti bá àwọn olórí méjèèjì. Èémí ti tán nínú wọn, àgbà ti dé. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlédìí lápá. Crispulo yọrí, ó yìnbọn, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni ọta kan bà á lẹ́yìn, tọ́, lára àpò tó gbé kọ́. Felisa rí i kedere. Kò sí nǹkan kan tó yí padà lójú Crispulo. Ó ń ki ọta bọ ìbọn rẹ̀ lọ.

Felisa fi fèrè sẹ́nu. Bí òun bá fọn ọ́n, àbúrò òun á ní ọkọ ni òun ń gbè lẹ́yìn. Bí òun kò bá fọn ọ́n, irú rẹfirí wo ni òun? Àwọn àgbà ní ẹni tó kàn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn rèé níwájú òun, kò sì mọ̀.

"Crispulo," ni Ireneo wí, kò wò ó. "Ó bà ọ́ lẹ́yìn."

"Kò bà mí."

"Mo gbọ́ ọ."

"Tó bá bà mí, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n lára ni?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Ireneo gan-an ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìbọn. Ó bọ́ àpò náà, ó yí i padà, ọta funfun kan sì há sáàárín okùn rẹ̀ bí eyín ọmọ tuntun. Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde gbangba nínú oòrùn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ọ̀sán fi dá ìbọn dúró.

"Ó bà mí o! Aláyẹta tuntun rèé, ẹ wá wò ó!"

Ẹ̀rín gbé Ireneo dìde láìròtẹ́lẹ̀, ìbọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọta sì rọ̀ lé e láyà bí òjò kínńkín. "Ó bà mí, ó bà mí, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó," ló ń wí. Ni àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ sórí bẹ́ńṣì àwọn òkú, Crispulo gba ìbọn lọ́wọ́ Ireneo, ó fi méjèèjì kọ́ èjìká. Felisa gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, gbòǹgbò wà níwájú yín," kò sì gbọ́ èyí tó kù. Ó jókòó sórí ògiri náà. Ọkàn rẹ̀ ń kọrin, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lábẹ́ orin náà tí kò tíì ní ohùn.

Títí di ìsinsìnyí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó borí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, páànù ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ méjèèjì, Jomar sì ti wà lórí ilé pẹ̀lú òòlù, nítorí ó ní òun ò ní jẹun kí òun tó kan èyí tí yóò wà lókè orí ìyàwó òun. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì gígùn, wọ́n da ìrẹsì gbígbóná sórí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹja sísun, ẹyin oníyọ̀, ìgbá yíyan, máńgòrò. Kò sí àwo, kò sí àga. Wọ́n dúró ní èjìká sí èjìká, wọ́n ń fọwọ́ jẹun, aṣọ wọn sì rí bákan náà tó bẹ́ẹ̀ tó dà bí ẹni pé ara kan ṣoṣo ló ní gbogbo ọwọ́ yẹn.

Felisa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó yọ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kan, ó fi síwájú rẹ̀. Gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ tó ti gbé lọ sílé Crispulo ń padà bọ̀ wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó máa ń sọ bó bá ti gbé e kalẹ̀: dárí jì í. Ta ni à ń dárí jì, bí kì í bá ṣe ẹni tó ṣẹ̀?

"Bàbá wọn," ó ní, kò wojú rẹ̀. "Èmi náà ò gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ náà."

Ireneo jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó yọ egungun ẹja, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé.

"Mo mọ̀," ó ní.

Ó fi ìka kó ìrẹsì tó wà níwájú rẹ̀ jọ, ó tì í sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Lókè wọn, ìṣó wọ páànù. Felisa dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ewé. Lóòótọ́ ni kò mọ ọta Crispulo lára. Àìgbàgbọ́ tèmi ló mọ̀ lára, ó rò ó, ó sì ń jẹ oúnjẹ mi, ó sì ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọjọ́ náà. Ó sún mọ́ ọn títí èjìká wọn fi kanra, ó sì jẹ ìrẹsì náà.