Ọmọ Ọdún Mọ́kànlélógún

Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń tẹ ìwé ìbúra níbẹ̀, mo sì máa ń fọ́nnu pé adájọ́ kankan ò dá ìwé mi padà rí. Ẹni tó bá wá, màá bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, màá sì tẹ ohun tó bá sọ. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fi ń tan ara mi: ìka ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹnu.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan tí a ń pè ní Àǹtí Lọ́fíndà, torí òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé, mú ọmọbìnrin kan wá. Oníbàárà mi gidi ni. Ó ní òun ti bá ọmọ náà rí iṣẹ́ ilé ìtajà lókè òkun, kí n ṣáà kọ ọ́ pé ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Ọmọ aládùúgbò mi ni. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí òun àti àbígbẹ̀yìn mi. Orí okùn kan náà ni ìyá rẹ̀ àti ìyàwó mi ń sá ìtẹ́dìí sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ mọ́kànlélógún, mi ò tilẹ̀ ṣi lẹ́tà kan tẹ̀.

Ó padà dé lọ́dún yìí. Ilé tí wọ́n ti ń ta ara rẹ̀ fún ọkùnrin ni Àǹtí Lọ́fíndà gbé e lọ. Ní báyìí, kì í lè jókòó kó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, bí ọkùnrin bá sì wúkọ́ lásán, á gbọ̀n. Ọlọ́pàá ti mú obìnrin náà, ṣùgbọ́n lọ́yà rẹ̀ na ìwé kan sí adájọ́: àgbàlagbà ni ọmọ náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ. Bí ìwé yẹn bá dúró, Àǹtí Lọ́fíndà ń lọ sílé lọ́la nìyẹn.

Láàárọ̀ òní ni ìyá ọmọ náà mú un wá bá mi. Èmi ló mọ̀ tó mọ̀wé, ó ní kí n bá àwọn tẹ ìwé ìbúra mìíràn tó máa sọ òótọ́. Ó ṣépè fún ẹni tó tẹ ti àkọ́kọ́. Èmi alára ṣe àmín.

Mo ki bébà bọ ẹ̀rọ. Bó ṣe mọ́ mi lára, mi ò gbójú sókè tí mo fi béèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó?"

Ọmọ náà wò mí. "Èyí tó bá wù yín, Bàbá."

Ìyá rẹ̀ wo ọmọ, ó wo èmi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé. Irọ́ mìíràn tiẹ̀ ti dé ẹnu mi, ojú ọmọ yẹn ni kò jẹ́ kó jáde.

"Àbúrò mi," mo ní, "èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo sì mọ̀."

Ìyá ọmọ náà dìde. Ó fa bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri kí ọmọ rẹ̀ lè máa wo ilẹ̀kùn, ó jókòó tì í. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tèmi ló ṣẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn," ó ní. "Ẹ fi orúkọ yín sí i. A ń dúró."

Mo tẹ orúkọ mi. Mo tẹ ọjọ́ orí mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Mo wá tẹ ohun tí mo máa ń tẹ fún gbogbo ènìyàn: àgbàlagbà ni mí, kò sẹ́ni tó fipá mú mi ṣe é.