Rìn Dé Ẹ̀yìn Bọ́ọ̀sì

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Akínbámi kò dáhùn. Ó tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ tó wà níbẹ̀ máa yí padà. Kò yí padà. Bọ́lárìnwá ló dúró síwájú rẹ̀ nínú snow, nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé sí ní àdúgbò Castleridge lókè òkun, ó ń retí kí Akínbámi wá dán ìwakọ̀ òun wò.

Ẹnjiníà làwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ epo kan náà. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 2015, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúrò ní ẹ̀ka wọn. Akínbámi ni wọ́n lé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ló gbọ́ pé Bọ́lárìnwá, tí òun fúnra rẹ̀ mú wọ ibi iṣẹ́, ló sọ fún ọ̀gá pé Akínbámi kò mọ iṣẹ́ mọ́. Fún oṣù mẹ́rìndínlógún, kò sí ọjọ́ tí kò bá a jà lọ́kàn. Ó ń bá a jà bó ṣe ń fá irùngbọ̀n, ó ń bá a jà nídìí ọkọ̀, ó sì máa ń borí.

"Bàbá Máyọ̀kún, tí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré o," ni Suliat ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ.

"Ta ló fẹ́ bá a ṣeré?"

Ní báyìí, wọ́n ti lé Bọ́lárìnwá náà. Akínbámi, tó ti di awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé, ló sì ń dán awakọ̀ tuntun wò. Tí kò bá fọwọ́ sí ìwé èèyàn, onítọ̀hún ò ní ríṣẹ́.

"Wọlé," ló wí.

Wọ́n lọ títí dé Marlborough. Bọ́lárìnwá wakọ̀ dáadáa, ìyẹn sì tún bí Akínbámi nínú. Kò rí àṣìṣe kankan kọ. Nígbà tí wọ́n padà dé ọgbà, Bọ́lárìnwá pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀kalẹ̀.

Inú Akínbámi dùn. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Dandan ni kí awakọ̀ rìn dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kó tó sọ̀kalẹ̀, kó wo orí àga àti abẹ́ rẹ̀, bóyá ọmọ kan sùn síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é ti fìdí rẹmi.

"O ò yẹ ẹ̀yìn wò. You failed."

"Ah! Ẹ jọ̀ọ́, sir. Kò sọ́mọ kankan níbẹ̀ now."

"Tó bá wà ńkọ́? Nínú òtútù yìí?"

Bọ́lárìnwá ki ọwọ́ bọ àpò. Kò wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo sọ ọ́," ló wí. "PR wa, ìwé ìgbélùú, ò tíì jáde nígbà yẹn, Rodiyat ìyàwó mi sì wà nínú oyún. Ẹ̀rù bà mí. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Ẹ mọ iṣẹ́ jù mí lọ."

Gbogbo èébú tí Akínbámi ti ń tò jọ látọjọ́ yìí dé ètè rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì rí i pé ó ti rẹ òun. Kì í ṣe pé ó ti dárí jì í tán. Ìjà yẹn ló sú u, torí òun nìkan ló ti ń jà á.

Ó kọ "failed" sórí ìwé, torí òótọ́ ni. Ó wá gun bọ́ọ̀sì padà.

"Máa bọ̀ níbí."

Wọ́n jọ ń rìn lọ sẹ́yìn, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?" Akínbámi bi í láìgbójú sókè. "Kí ni Rodiyat bí?"

"Obìnrin ni, sir. Ó ti ń rìn."

Ọmọ ti ń rìn, òun ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó dun Akínbámi. Wọ́n dé àga tó gbẹ̀yìn, wọn ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Padà wá lọ́la, ká tún un ṣe. Wọ ìbọ̀wọ́ wá."

Wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí Akínbámi yíjú padà. Ọ̀sán ti pọ́n, kò sì tíì dá ìkíni àárọ̀ yẹn lóhùn.

"Káàárọ̀ o, Bọ́lárìnwá," ló wí.