Kabúrétọ̀ Tí Láyí Jù Sọ́sà

Lọ́jọ́ kẹta tí alùpùpù ògbólógbòó Akínlabí pa á, Láyí àbúrò rẹ̀ yọ kabúrétọ̀ ẹ̀rọ burúkú náà, ó jù ú sínú ọ̀sà ní Ìwáyà.

Ọdún yípo, fífi alùpùpù sáré bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wu òun náà. Ní Mushin, Awwal tó ń ta pààtì alùpùpù de kabúrétọ̀ tuntun mẹ́ta mọ́ alùpùpù Akínlabí wò fún un. Láyí dijú, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ ọ: kò sí èyí tó dùn létí. Àlòkù kan ló mú orí rẹ̀ wú.

Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. “AK” tí Akínlabí máa ń ha sára pààtì kí mẹ́káníìkì má bàa pààrọ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ara Láyí bù máṣọ. “Ta ló tà á fún yín?”

“Bọ̀dá kan ni, láàárọ̀ yìí. Ó ní àbúrò òun ò ní gba tuntun.”