Sààrì Abdulwahab

Kò sẹ́ni tó máa kọ́ Abdulwahab ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ààwẹ̀. Fọganáísà ni, létí títì ní àdúgbò Rumuokwuta, ó sì ń lẹ táyà lójú oòrùn Ramadan láìtọ́ omi wò. Nítorí náà, nígbà tí Ibiere, obìnrin tó ń ya ẹ́ksìréè, sọ fún un pé, "Baba, from night, fasting o," ẹ̀rín ló bú sí.

"Madam, na my handwork be that."

Ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́rìn-ín, ṣá. Ó ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ní òkúta ló dí kíndìnrín ọ̀tún. Fọ́tò tí Ibiere fẹ́ yà ló máa sọ bóyá kíndìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti kú, wọ́n á yọ ọ́.

Ó lo oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n fún un, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìdájí tó, ó dìde, ó gbé ẹ̀bà kalẹ̀.

"Bàbá Ramlah," ni Memunat ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹun ni?"

"Ààwẹ̀ wo ni kì í ní sààrì?"

Nílé ìwòsàn, fọ́tò àkọ́kọ́ jáde, ẹ̀bà nìkan ló hàn níbẹ̀. Ibiere ká ọwọ́ lérí.

"Baba, I no say fasting?"

"I fast na! Na only sààrì I chop."

Ibiere dá a padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì tó padà wá láìjẹ sààrì, ebi ti sọ ọ́ di ìyẹ́. Ó sùn gbalaja sórí tábìlì tútù. Abẹ́rẹ́ oògùn tó ń mú kíndìnrín hàn nínú fọ́tò wọlé, ooru sáré láti ọrùn dé itan, ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó lá irin. Ó rò pé òun ti tọ̀ sára. Ibiere fi bẹ́líìtì di ikùn rẹ̀ pinpin, àjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Bí àlá, Abdulwahab wá rí ara rẹ̀ bí túúbù nínú agbada omi. Òun kan náà ló tún lóṣòó ti agbada, ó ń wá ibi tó ti ń jò. Odò méjì ṣàn nínú túúbù náà. Tòsì funfun bí wàrà, tọ̀tún gbẹ. Ó jókòó sétí èyí tó gbẹ.

"Jọ̀wọ́, ṣàn," ó bẹ̀ ẹ́. "Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta la jọ ń bọ̀."

Ohùn Ibiere ló jí i.

"Baba! Go piss, make we snap the last one."

Ó wọ ṣáláńgá, ó tọ̀. Ata ni! Ó fi orí gbá ògiri, ó pe Ọlọ́run, nǹkan kan bá dún kọ́ nínú àwo ṣáláńgá.

Fọganáísà tó bá yọ ìṣó nínú táyà gbọ́dọ̀ fi han oníbàárà, kí wọ́n má baà pè é lólè. Ló bá ki ọwọ́ bọ omi, ó fọ òkúta náà, kò ju hóró ọkà bàbà lọ, ó sì gbé e lọ bá Ibiere.

"Madam, see the nail."

Ibiere pariwo, ó sá sẹ́yìn, ó tún padà wá wò ó. Ó ya fọ́tò ìkẹyìn, ó sì yí ojú ẹ̀rọ sí i.

Kíndìnrín méjèèjì ń tàn nínú òkùnkùn bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè.

Abdulwahab wò ó títí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó ṣàn," ló wí. Lẹ́yìn náà ló rántí ikùn rẹ̀. "Madam, time don reach to break fast?"