Gíláàsì Ara Ògiri

Ní Bytom, ìlú èédú kan ní Silesia, kò sẹ́ni tí í gun àtẹ̀gùn ilé kó má bojú wo ògiri. Ìlú wa jókòó lórí ihò. Àwọn baba ńlá wa wa èédú títí abẹ́ ilẹ̀ fi dà bí ẹnu arúgbó. Àwọn ibi ìwakùsà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Níbi tí ògiri ilé wa ti sán, a fi símẹ́ǹtì lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ kan dábùú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sún, gíláàsì ni yóò kọ́kọ́ fọ́.

Otar ò mọ̀. Ọmọ Georgia ni, èmi àti ẹ̀ jọ wà ní yunifásítì, ìyá mi àgbà, Màmá Hyjdla, sì fún un ní yàrá kan. Láràárọ̀ ló ń gbọ́ tí Bàbá Erwin, awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé ìsàlẹ̀, ń pariwo pé, "Hyjdla, ṣó ṣì pé?" tí ìyá àgbà á sì dáhùn pé, "Ó pé o!" Ó rò pé bí a ṣe ń kíra nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo ilé ní Silesia ń fọ ilẹ̀. Otar ní kóun náà ṣe ọmọ dáadáa. Nígbà tí mo ti ọjà dé, ó dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú garawa, ọ̀dà funfun wà ní imú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibi tó sán ti dí. Ògiri ń dán.

Ìyá àgbà jáde láti ilé ìdáná, ó ń po ìyẹ̀fun kluski tí a ó jẹ lọ́sàn-án lọ́wọ́.

"Otar, gíláàsì dà?"

"Mo ti jù ú nù, Màmá. Ìdọ̀tí ló kún ara ẹ̀. Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe mọ́!"

"Háà! Ìwé tí ẹ ń kà náà nìyí?" Bàbá Erwin ló yọjú láti ìsàlẹ̀. "Ó pa ajá tó ń ṣọ́lé, ó wá ń fọ ẹ̀wọ̀n ẹ̀!"

Ojú ti Otar. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kò tiẹ̀ wúlò mọ́. Ó ti fọ́ sí méjì kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ìyẹ̀fun já bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

"Mo wò ó láàárọ̀ yìí," ló sọ. "Ó pé."

Bàbá Erwin ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu gbogbo ilẹ̀kùn. "Ẹ jáde! Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀! Mo ní ẹ jáde!"

Otar di apá mi mú. "Achim, àwàdà ni, àbí?"

Mo nawọ́ sí ògiri. Lára ọ̀dà rẹ̀ tí kò tíì gbẹ, ìlà kan ti yọ, tín-ín-rín bí irun. Bí a ṣe ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ló ń gùn lọ sókè.

A sáré. Nínú àgbàlá, àwọn ará ilé dúró pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ìyá àgbà ń ka orí wa, ó tún ń kà á. Kò tíì kà á tán tí ilé náà fi mí kanlẹ̀, bí ẹni tó rẹ̀. Àtẹ̀gùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wó wọlé lọ. Eruku gba ojú fèrèsé jáde.

Otar yíjú sí ìyá àgbà. "Orí ihò lẹ ń gbé, ẹ sì ń se oúnjẹ níbẹ̀?"

"Ibo ni ká ti máa sè é?" ni ìyá àgbà wí.

Kò mú ojú kúrò lára ilé tó bí ìyá mi sí. Lẹ́yìn náà ló fi etí ápùróònù rẹ̀ nu ọ̀dà imú Otar. Ńṣe ló ń fi ọ̀dà náà kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

"Ó mọ́, ọmọ mi," ló ń sọ. "Ògiri yẹn mọ́ gan-an."