Bàbá Jẹ́jẹ́ Lẹ́nu Géètì

"Ẹ ṣáà gbà á, Bàbá Jẹ́jẹ́. Ìrìn wákàtí méjì péré ni."

Akọ̀wé ibùdókọ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí i láti ojú fèrèsé. "Dẹ́rẹ́bà tó yẹ kó gbé ọkọ̀ yìí pè pé inú ń run òun, òun ò lè dìde. Ọ̀gá àgbà ò sí nítòsí. Èrò ti jókòó tipẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ oníoúnjẹ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ èrò kan ò kán sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Àmọ́ oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, dókítà ojú sọ fún un pé ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá, kó máa tọ́jú èyí tó kù. Ilé iṣẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sẹ́nu géètì. "Ẹ dúpẹ́ pé a ò ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé," ni ọ̀gá àgbà wí. Ó dúpẹ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ ò dúpẹ́.

Kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì dẹ́rẹ́bà jáde nílé. Tó bá dé yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì, á bọ́ ọ, á wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́. Bí ìyàwó bá bi í nírọ̀lẹ́ pé báwo ni ọ̀nà, á ní, "Ọ̀nà dáa." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irọ́ náà fúyẹ́. Nígbà tó yá, ó di ẹrù tí kò mọ ibi tí òun yóò ti sọ̀ ọ́.

"Ojú yín kan ṣoṣo yẹn sàn ju méjì àwọn eléré-àsápajúdé yìí lọ," akọ̀wé tún wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gun ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Ọkọ̀ dáhùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárín.

"Bàbá, ṣé a máa lọ ni àbí ká kúkú tẹ́ ẹní?" èrò kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Ibi tó ti fẹ́ dá a lóhùn ni ìyàwó rẹ̀ ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, báàgì lọ́wọ́, òógùn lójú.

"Háà! Bàbá wọn! Ẹ̀yin lẹ ń gbé wa lọ? Mo pè yín títí, ẹ ò gbé e. Ọmọ wa ti bímọ o! Ọkùnrin ni! Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ." Ó kọjú sí àwọn èrò. "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi ni. Ẹ lè sùn títí a ó fi dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lé itan gbé orí lé àga, ó pajú dé lóòótọ́.

Bàbá Jẹ́jẹ́ fẹ́ wo dígí apá ọ̀tún. Kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó yí ọrùn pátápátá ló tó rí ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí ọkọ̀ ì bá gbá ká ní ó ti gbéra. Ó pa iná ọkọ̀, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo máa gbé yín lọ. Ojú mi ọ̀tún ti fọ́. Ó pé oṣù mẹ́rin tí mo ti ń ṣọ́ géètì níbí."

"Ẹ ò rí i! Wọ́n fẹ́ pa wá!" Ariwo sọ. Ẹ̀rín tó wà lójú ìyàwó rẹ̀ rọ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé báàgì, ó sọ̀ kalẹ̀.

Akọ̀wé fi ìbínú pe dẹ́rẹ́bà mìíràn. Tọkọtaya náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Oṣù mẹ́rin," ìyàwó wí. "Mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, mò ń lọ̀ ọ́, mò ń kí yín 'ẹ kú ìrìn'. Ìrìn wo?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹni tí gbogbo ayé fi ọkọ̀ mọ̀, tí kò bá wakọ̀ mọ́, kí ló kù?"

"Ṣé sítíárín ni mo fẹ́ sílé ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá Jẹ́jẹ́, àmọ́ ó rí omi lójú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Tí mo bá gbé omi sápá ọ̀tún yín, ẹ kì í fọwọ́ kàn án," ó ń bá a lọ. "Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi ni. Mò ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ yín kiri."

Ìyàwó fi etí aṣọ nu ojú, ó wo géètì.

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí látàárọ̀ dalẹ́?"

"Mò ń gbọ́ ọkọ̀."

"Ẹ ń gbọ́ ọ báwo?"

"Kálukú wọn ló ní ohùn tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan ń jáde lọ, bíréèkì rẹ̀ ń ké bí ológbò. Mo ní mi ò ní ṣí géètì. Dẹ́rẹ́bà bú mi bí ẹní láyin. Mẹkáníìkì tú u, ó ní tó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lójú ọ̀nà, kò ní dúró. Èrò méjìdínlógún ló wà níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ títí dòní."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí; bó ti ń sọ ọ́ yìí, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ròyìn rẹ̀ fún òun. Látọjọ́ yìí, ohun tí ojú gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ń rò.

"Iṣẹ́ yìí ò burú," ó wí, ó sì yà á lẹ́nu pé òótọ́ ni. "Tí wọ́n bá ń jáde lọ, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ò burú."

"Mi ò tíì foríjì yín o."

"Mo mọ̀."

"Tí mo bá dé, a máa jókòó sọ ọ́."

"A máa sọ ọ́."

Dẹ́rẹ́bà tuntun dé. Ìyàwó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ń ṣí géètì, fóònù ìyàwó rẹ̀ dún nínú ọkọ̀, ó gbé e.

"A ti ń bọ̀, ọmọ mi. Rárá, bàbá rẹ kọ́ ló ń wà wá bọ̀. Kò wakọ̀ mọ́. Géètì ló ń ṣọ́." Ó dúró díẹ̀. "Mo ní géètì! Òun ló ṣí i fún wa báyìí."

Ó sọ ọ́ ketekete, kò rẹ ohùn sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ náà gbọ́. Kò sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wọn títí wọ́n fi yí kọ́ọ̀nà.

Ọkọ̀ mìíràn ti ń fọn fèrè níta, ó fẹ́ wọlé.

"Mo gbọ́ o!" ó pariwo. "Mò ń bọ̀."