Ajá Tí Mo Fi Ń Pòwe

Ẹ má tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, èmi fúnra mi ti rín tèmi.

Adétọ́lá lorúkọ mi. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe ní Uselu, nílùú Benin níbí, ilé tí mo háyà sì wà lọ́nà Upper Sakponba. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, bó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ohùn mi ò kéré rárá. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ń pín sùúrù lọ́run, èmi ń bá ẹni tó wà níwájú mi lórí ìlà jà.

Ọ́ìlì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń gbé ẹ́ńjìnnì wálé, mo máa ń tú u nítòsí ẹ̀rọ omi, ọ́ìlì dúdú a sì máa ṣàn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo sọ o. Àfi bí onílé wa ṣe pè mí lọ́jọ́ kan, tó ní òun gbọ́ pé mò ń fi ọ́ìlì ba ilẹ̀ òun jẹ́, òun ò sì fẹ́ rí ẹ́ńjìnnì kankan nínú ọgbà òun mọ́. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé ó tún yẹ kó dárúkọ? Ta ló ń dúró sídìí ẹ̀rọ omi yẹn ju Mama Osas lọ? Opó ni, ọmọ Benin gidi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kojú sí tiwa, okùn tí a ń sá aṣọ sí nìkan ló wà láàárín. Mo ṣẹjọ́ náà nínú ọkàn mi, mo dá a lẹ́bi, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ìyà tí màá fi jẹ ẹ́.

Ọmọ Yorùbá tó mọ nǹkan kì í bú aládùúgbò rẹ̀ lójúkojú. Ajá la fi ń pòwe. Bàbá mi ní Ìkirè ní ajá kan tó ń jẹ́ Ìkà-ò-dára, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ilé tí orúkọ yẹn dojú kọ. Bí mo ṣe ra ọmọ ajá kan nìyẹn, mo sọ ọ́ ní Òfófó-ò-gbẹgbàá, nítorí olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Láràárọ̀, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá kojú sí fèrèsé Mama Osas, màá na ọrùn, màá wá fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun ké orúkọ ajá. Obìnrin náà á jáde, á wò mí, á tún ìró rẹ̀ ró, á padà wọlé. Inú mi á dùn títí n ó fi dé Uselu. Ó pẹ́ kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ọmọ Benin ò gbọ́ Yorùbá, pé nínú gbogbo ọgbà yẹn, ìyàwó mi àti ọmọ mi nìkan ni òwe náà yé. Mo ní kò burú, Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá.

Ajá náà gbọ́ ọ. Kò mọ òwe, ṣùgbọ́n ó mọ ọrùn mi. Nígbà tó dàgbà, bí Mama Osas bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde, ìrù rẹ̀ á gan, á bẹ̀rẹ̀ sí gbó, á máa fa okùn ọrùn rẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ mi. Àfi ọjọ́ tí okùn já. Ajá ya bo Mama Osas, ìyá náà ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ajá ò bù ú jẹ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Onílé dé lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ajá yìí bá gbó mọ́ Mama Osas lójú òun, ọkùnrin kan wà tó ń ra ajá, òun á pè é kó wá mú un lọ. Gbogbo wa la mọ ọkùnrin náà. Kì í ra ajá láti fi ṣọ́lé. Ata ló ti lọ̀ sílẹ̀ dè wọ́n.

Mo fẹ́ràn ajá yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Torí òwe ni mo ṣe rà á, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró dè mí ní géètì nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti Uselu dé, tí ọwọ́ mi dúdú tí n kò sì rówó gbà? Òun náà ni. Ẹ̀rù bà mí. Kí ni mo wá ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí pariwo mọ́ ajá pé kó má pariwo mọ́. Bí mo ṣe ń jágbe ló ń gbó, bó ṣe ń gbó ni mò ń jágbe, títí ọmọ mi Motọ́lání fi yọrí lójú fèrèsé. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n èdè ìgboro Benin ló máa ń fi dáni lóhùn. Ó ní, "Daddy, the dog think say you dey help am bark." Pé ajá rò pé ṣe ni mò ń bá òun gbó.

Fọláyẹmí, ìyàwó mi, rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́, n kò sì gbọ́ kó jágbe mọ́ wọn rí. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá Motọ́lání, ẹ wo okùn yìí bí ẹ ṣe fà á le. Bí ẹ bá ti rí Mama Osas lẹ máa ń fà á. Ajá á ní nǹkan burúkú ń bọ̀, ẹ̀rù ti ń ba olówó òun."

Mo ní ta ni ẹ̀rù ń bà.

Ó lọ sí ọjà Oliha, ó ra pánlá, ó gé e wẹ́wẹ́. Ó mú ajá jìnnà lọ sí ìdí géètì. Bí Mama Osas bá ṣílẹ̀kùn, tí ajá wò ó, kó tó lanu rárá ni Fọláyẹmí ti ń ju pánlá sí i, tó ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Bí ajá bá ya ẹnu bí ẹni tí oorun ń kùn, tàbí tó ń lá ètè láìsí oúnjẹ, á ní, "Oorun kọ́, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀," á sì mú un sún sẹ́yìn. Kì í lù ú, kì í tì í mọ́lẹ̀ kó jókòó. Ó máa ń dúró dè é títí á fi jókòó fúnra rẹ̀. Mo ní ṣé pánlá la ó máa fi bẹ ajá báyìí, nílé bàbá mi, pàṣán là ń lò. Ó ní ajá ilé bàbá mi ńkọ́, ṣé kì í gbó? N kò rántí ọjọ́ tó dákẹ́.

Ajá tètè mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ṣòro kọ́. Fọláyẹmí á ní kí n sọ èjìká kalẹ̀, kí n mí, kí n wá pe ajá bí mo ṣe máa ń pè é ní géètì nírọ̀lẹ́. Ẹ dán an wò ná: òwe tí ẹ fi ń bú èèyàn, ẹ fi ohùn tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún pè é. Tèmi ń jáde bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Ajá á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wò mí tàánútàánú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, Mama Osas ń sá aṣọ, ajá jókòó, èmi náà jókòó.

Sátidé pé. Onílé dúró sí géètì, ó káwọ́ sẹ́yìn. Fọláyẹmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú abọ́ pánlá, èmi di okùn mú, mo dẹ̀ ẹ́. Mama Osas jáde, báńdéèjì ṣì wà lórúnkún rẹ̀, ó sì rìn sún mọ́ wa ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ajá wò ó, ó wò mí. Mo sọ èjìká kalẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó jókòó. Onílé mi orí. Ì bá ti parí síbẹ̀.

Mama Osas dúró. Ó wá fi Yorùbá sọ̀rọ̀, Yorùbá Àkúrẹ́ tó dùn létí. Ó ní, "O mà pè é dáadáa lónìí. Àkúrẹ́ ni mo ti ṣe ìyàwó, ibẹ̀ ni mo bí Osas sí. Láti kékeré ajá yìí ni mo ti ń gbọ́ orúkọ tí o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo lọ bá onílé." Ó kọjá lọ sídìí aṣọ rẹ̀.

Mo yíjú sí Fọláyẹmí.

Ó ní, "Èmi ni. Motọ́lání yọ̀ ṣubú nínú ọ́ìlì yẹn. Mo sọ fún yín, ẹ pariwo. Mo tún sọ, ẹ tún pariwo. Ni mo bá lọ sọ fún ẹni tí ẹ ò lè pariwo mọ́."

Ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Láràárọ̀ ni mò ń sọ tèmi, tí mo tún ń yíjú béèrè dòdò lọ́wọ́ ẹni tó ń bà. Ṣé ẹ rò pé ojú tì mí? Rárá o, inú ló bí mi. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn mi nà, n kò mọ ìgbà tí mo fa okùn le.

Ajá dìde. Kò wo Mama Osas rárá. Ó wo ọrùn mi, ó wo ibi tí ojú mi dojú kọ, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn mọ́ Fọláyẹmí, ẹni tó ti ń fún un ní pánlá láti ọjọ́ yìí wá. Onílé ti ń yọ fóònù lápò. Fọláyẹmí ò mira. Ajá kọ́ ló ń wò, èmi ló ń wò. Òun náà lá ètè láìsí oúnjẹ, bí ajá ṣe máa ń ṣe.

Mo dẹ okùn. Mo sọ èjìká kalẹ̀, mo mí. Mo fẹ́ pe ajá, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò ṣeé pè lójú ìyàwó mi mọ́. Mo bá fi ohùn géètì, ohùn ìrọ̀lẹ́, sọ pé, "Fọláyẹmí, má bínú."

Ajá ò bìkítà orúkọ ẹni tí mo pè, ohùn ló gbọ́. Irun rẹ̀ wálẹ̀. Ó jókòó, ó tún nà sílẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi. Onílé dá fóònù padà sápò, ó ní ó dàbọ̀.

Fọláyẹmí mú pánlá kan, ó fún ajá. Ó tún mú òmíràn, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àkàndé, ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo jẹ ẹ́. Ó le bí igi, ṣùgbọ́n n kò sọ nǹkan kan.